Ẹja Tí Àbúrò Mi Kò Pa

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nínú yín, ẹ kú ìbànújẹ́. Ẹni tó wá wo bí Rosaline ṣe ń sunkún, ẹ kú ìwòran. Ẹni tó sì ti ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fara balẹ̀, ìrẹsì ò ní sá lọ.

Èmi ni Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ọdún méje ni mo fi ju Ọlátúnbọ̀sún lọ. Alàgbà Raymond, alága àwọn àgbà ìjọ wa, fún mi ní ìwé kan bí mo ṣe ń wọlé, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ kí n kà nìyí. Mo ti kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òpó ni arákùnrin wa jẹ́ nínú ìjọ, pé ìjọ fẹ́ràn rẹ̀ títí dé òpin. Mo ti ká ìwé náà, mo ti fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì yìí. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ère tí ẹ gbẹ́ yìí, kò jọ àbúrò mi rárá.

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn, ẹ ó rí òyìnbó àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Kenneth lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Rosaline, ìyàwó olóògbé, ló jókòó tì í. Rosaline, jọ̀ọ́, máa túmọ̀ ohun tí mo bá ń sọ fún un. Má fo nǹkan kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dìde dúró lónìí, kì í ṣe nítorí àwọn tó wà níwájú.

Bọ̀sún wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí Thamesmead, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń jà lórí fóònù, ẹnì kan ń jẹ adìẹ díndín, ẹnì kan ń bú awakọ̀ nítorí pé òjò ń rọ̀. Bọ̀sún kì í fèsì. Ṣùgbọ́n bó bá délé, etí rẹ̀ á ṣì máa hó. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó wá ibi tó bá dákẹ́ kó máa rìn níbẹ̀. Bó ṣe di pé ó ń rìn yí adágún Southmere ká nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti bá Kenneth pàdé.

Kenneth jókòó létí omi pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja méjì. Bọ̀sún kí i, ó bi í pé irú ẹja wo ló wà nínú omi náà. Kenneth ò dá a lóhùn, ó kàn gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Àbúrò mi dákẹ́. Ó ní òun dúró níbẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, pé ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa ní kí òun dákẹ́ tí inú òun dùn sí i. Nígbà tó yá, ohun pupa tí wọ́n so mọ́ okùn ìwọ̀, tó léfòó lójú omi, rì. Kenneth fa ọ̀pá, ẹja kan sì jáde tí àbúrò mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Páìkì ni wọ́n ń pè é. Ẹja gígùn ni, ara rẹ̀ dà bí ewé tí oòrùn ta sí, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, eyín inú rẹ̀ sì tò bí eyín ayùn. Ó ń jẹ ẹja, ó ń jẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń jẹ ọmọ ara rẹ̀. Wáyà ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ rẹ̀, torí pé bí ẹni gé òwú ni yóò gé okùn lásán. Kenneth tẹ́ ẹ sórí ẹní rírọ̀ kan tó ti fi omi rin, ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e padà sínú omi, ó sì dì í mú níbẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ẹja náà fi ta ìrù, tó lọ.

Àbúrò mi bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sílé. Kenneth ní, “Ilé rẹ̀ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú àbúrò mi, kò sì jẹ́ kó lọ mọ́. Bọ̀sún ra ọ̀pá, ó ra àwọ̀n. Kenneth mú un wọ ẹgbẹ́ apẹja tó ń lo omi náà. Oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ni wọ́n máa ń dẹ páìkì, ìgbà tí òtútù ń ta èèyàn lójú bí ata. Kò sí ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn kì í lọ. Bí adágún bá di yìnyín, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí odò Medway. Sàdínì tí Rosaline rà fún ọbẹ̀, Bọ̀sún á kó o fún páìkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo kẹ́gàn rẹ̀. Mo ní irú òmùgọ̀ wo ló ń gbé òkú ẹja lọ sódò, tó ń fi mú ẹja tó yè, tó ń dá èyí tó yè sílẹ̀, tó wá ń délé jẹ búrẹ́dì gbígbẹ? Òun ò bínú. Ó ní kò lè yé mi, torí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Òun náà mọ èèyàn-án kẹ́gàn. Àwọn apẹja kan wà létí adágún yẹn tí wọ́n máa ń pa àgọ́, tí wọ́n á so aago mọ́ ọ̀pá, tí wọ́n á wá sùn lọ títí aago á fi dún. Alágogo ni Bọ̀sún ń pè wọ́n. Bó bá rí ẹni tó jókòó síbi iṣẹ́ tí kò ṣe é, á ní alágogo ni. Ó pe gbogbo ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ wa bẹ́ẹ̀ lójú mi. Alàgbà Raymond, ẹ má wojú mi. Orúkọ yín gan-an ló kọ́kọ́ dá.

Lọ́dún 2011, arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń gba ẹ̀bá adágún lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, aṣọ funfun tirẹ̀ ló funfun jù nínú ilé yìí. Ó rí Bọ̀sún lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé ẹja ńlá lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó sì dá ẹja náà padà sómi. Kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé arákùnrin wa ń bọ odò. Wọ́n ní ó bá ẹ̀mí omi dá májẹ̀mú. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí Rosaline ò fi bímọ. Rosaline, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, ṣùgbọ́n túmọ̀ ìyẹn náà fún un.

Mo bi Bọ̀sún pé kí ló ń sọ fún ẹja. Ó ní òun ń ní kó pẹ̀lẹ́, kó má bínú. Ó ní ẹni tó bá fi ìwọ̀ fa ẹlẹ́ran ara lẹ́nu, ṣé kò yẹ kó bẹ̀ ẹ́ ni?

Wọ́n pè é sí ìpàdé. Èmi náà wà níbẹ̀. Alàgbà Raymond bi í pé ta ló ń rí oúnjẹ mú tó ń dá a padà, bí kì í bá ṣe pé ó ń san ẹ̀jẹ́. Bọ̀sún ní òfin ẹgbẹ́ ni, àti pé òun ti ṣèlérí fún ẹni tó kọ́ òun pé òun ò ní pa ẹja níbẹ̀. Alàgbà ní ọ̀rọ̀ ò le. Wọ́n ní kó pa ẹyọ kan péré, kó gbé e wá ká sè é níbi ìkórè, kí gbogbo ìjọ jẹ ẹ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé ẹja lásán ni.

Àbúrò mi dìde. Ó ní, “Ẹja lásán ni, sà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní pa á nítorí tiyín.”

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gba àmùrè oyè lára rẹ̀. Wọ́n ní kó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn títí yóò fi ronú pìwà dà. Ó sì ń wá, ó ń jókòó síbẹ̀, ọdún méjì gbáko. Ọkùnrin tó ń wà yín lọ síbi iṣẹ́, tó ń wà yín bọ̀, bó bá na ọwọ́ sí yín nínú ìjọ, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹsẹ Bíbélì. Alàgbà Raymond, ẹ rántí ọdún tí yìnyín bo ilẹ̀, tí bọ́ọ̀sì ò rìn? Oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín tán. Ta ló fẹsẹ̀ rìn láti Thamesmead dé Plumstead gbé òmíràn wá fún yín, tí omi fi kún bàtà rẹ̀? Ẹ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni.

Ó dáa. Mo ti bú yín tó. Ó kan èmi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí ara mi dáadáa.

Ìyà tó ń jẹ Bọ̀sún kọ́ ló ń dùn mí nígbà náà. Mi ò ní parọ́ níwájú òkú. Ojú ló ń tì mí. Èmi ni mo ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Bí mo bá ti wọlé, gbogbo wọn á panu mọ́. Mo bẹ Bọ̀sún, ó kọ̀. Mo fi ìyá wa tó ti kú bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2013, tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká ṣe ìkórè, mo ní kó mú mi lọ sí adágún, pé mo fẹ́ rí ohun tó ń rí níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó: ó po tíì sínú fláàsì fún mi, ó fi ṣúgà mẹ́ta sí i bí mo ṣe máa ń mu ún, ó sì lọ yá bàtà òjò tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Kò mọ̀ pé ọmọ odó kékeré tí mo fi ń gún ata wà nínú báàgì mi.

Ọ̀fìnkìn ń ṣe Kenneth lọ́jọ́ yẹn, kò wá. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nígbà tí nǹkan pupa yẹn rì. Ẹja náà jà. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Nígbà tí Bọ̀sún gbé e sórí ẹní, ó gùn tó ẹsẹ̀ mi láti ìbàdí dé ilẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí èyí tó tóbi tó báyìí rí, pé ẹja yìí ni Kenneth ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá, pé yóò ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kejì bó bá gbọ́. Ó yọ ìwọ̀. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ẹja náà jẹ́jẹ́ kó má ta, kí òun mú òṣùwọ̀n nínú àpò.

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo lu ẹja náà lórí lẹ́ẹ̀mẹta.

Bọ̀sún yíjú padà. Ó gbé ẹja náà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó dì í mú bó ṣe máa ń dì wọ́n mú, ó ń dúró dè é. Ó dì í mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n fún òtútù. Ẹja náà kàn ń yí ikùn sókè ni. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí.

Ó ní, “Ta lẹ pa á fún, Àǹtí mi?”

Mo yọ ẹja náà lómi, mo fi ìborùn mi dì í.

Mo gbé e wá fún yín. Mo gé e, mo sè é lọ́bẹ̀ ata, egungun rẹ̀ pọ̀ bí abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ ẹ́. Alàgbà Raymond ló jẹ orí rẹ̀, wọ́n mu omi ọbẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n sì fi egungun rẹ̀ ta eyín. Nígbà tí wọ́n nu ẹnu tán, wọ́n ní obìnrin ló pa á, kì í ṣe arákùnrin wa fúnra rẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ní àmín. Èmi náà ní àmín. Irú alájẹkì wo ló ń jẹ ẹ̀rí tán, tó tún ń bèèrè ẹ̀rí?

Ní ti Bọ̀sún, ó lọ bá ẹgbẹ́ apẹja. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ àti ìpẹ́ létí omi, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ni, pé kò sí ohun tó ń mí tí wọn kì í jẹ. Kò tíì sí ẹni tó bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òmùgọ̀ wà létí omi, òmùgọ̀ wà nínú ìjọ, aṣọ ló yàtọ̀. Bọ̀sún ní òun ni. Ó ní òun pa á, òun sì jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dárúkọ mi, wọ́n á fi ọlọ́pàá mú mi, torí pé mi ò ní ìwé àṣẹ ìpẹja. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ìjọ gba àmùrè, ẹgbẹ́ gba káàdì, nítorí ẹja tí kò pa.

Kenneth lọ bá a nílé. Ó bi í bóyá òótọ́ ni. Bọ̀sún ní òótọ́ ni. Èmi wà ní ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ìbéèrè, mo gbọ́ èsì, mo sì ń fọ abọ́ lọ. Kenneth jáde láì dágbére. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Bí Kenneth bá wọ bọ́ọ̀sì Bọ̀sún, á fi káàdì kan ẹ̀rọ, á wo iwájú, á kọjá. Bọ̀sún kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbéra kó tó jókòó tán.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, àìsàn dá àbúrò mi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù tó wà lẹ́bàá Woolwich Common. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Àwọn mélòó nínú ìjọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yẹn? Mo ka mọ́kànlá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yà wò ó. Ẹnì kan ń gba ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kọjá, ó rí mi, ó fi fáìlì bojú, bíi pé mo jẹ́ òjò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Kenneth wọlé, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá, ó ká ìwé ìròyìn àwọn apẹja sábẹ́ apá. Kò bi Bọ̀sún ní nǹkan kan. Ó jókòó, ó wọ awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un: odò tí wọ́n ti mú páìkì, bó ṣe wúwo tó, ẹni tó jọ pé ó ń parọ́ nínú wọn. Bọ̀sún ń rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni Kenneth ń wá títí àbúrò mi fi kú. Ojoojúmọ́ ni mo ń fún un ní àga, tí mo sì ń sá jáde.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin yìí gbà pé Bọ̀sún ṣẹ òun, ó sì wá. Ẹ̀yin mọ̀ pé kò ṣẹ̀ yín, ẹ ò wá.

Mísítà Kenneth, èmi ni mo pa ẹja yẹn. Bọ̀sún ò pa á, kò sì fẹnu kàn án. Ìlérí tó ṣe fún yín, kò yẹ̀ ẹ́. Rosaline, sọ fún un. Sọ gbogbo rẹ̀. Èmi náà á dúró.

Ẹ dákẹ́ níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Kí ló ní, Rosaline?

Ó ní ó yẹ kí Bọ̀sún ti sọ fún òun.

Ó yẹ kó sọ, sà. Ó sì yẹ kí èmi sọ nígbà tó ṣì ń gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti kọjá lọ. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ò tàn yín jẹ.

Lọ́la, ní aago mẹ́wàá, la ó sin ín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò pé àgbà ìjọ mẹ́fà ló máa gbé pósí. Èmi àti Rosaline ti fagi lé e. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́fà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa gbé e, Kenneth ló sì máa ṣáájú wọn. Alàgbà Raymond, bí ẹ bá fẹ́ wá, ilẹ̀kùn itẹ́ òkú ò tì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàdúrà lé e lórí. Ẹ mú àdúrà yẹn délé, ẹ lò ó fún ara yín.

Ọlátúnbọ̀sún, ọmọ ìyá mi, olórí kunkun, máa lọ. Kí ọ̀nà là fún ọ. Kí òtútù má mú ọ níbikíbi tí o bá yà sí. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, tó bá bi ọ́ bí mo ṣe tọ́jú rẹ, má parọ́ nítorí mi mọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọ, ẹ̀yìn mi ni wọ́n kọ́kọ́ pọ̀n ọ́ sí nínú gbogbo wa, o sì wúwo ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí o. Sùn re, àbúrò mi.